Ilé Oúnjẹ Mẹ́sàn-án ní Lyon

Mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Faransé rí láyé mi, ṣùgbọ́n ẹ bi mí níbi tí wọ́n ti ń se ẹja tó dáa nílùú Lyon, màá júwe ẹ̀ fún yín títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo mọ èyí tó wà létí odò. Mo mọ èyí tó ní àtẹ̀gùn gíga tí arúgbó ò lè gùn, mo sì mọ èyí tí wọ́n ti ń ju ẹlẹ́dẹ̀ sínú gbogbo nǹkan títí kan ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé o. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń ṣe l'Ódògbolú, oúnjẹ ọ̀sán mi kì í sì í kọjá ìrẹsì ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa. Ìmọ̀ tí kò wúlò fún mi ni gbogbo ẹ̀, mi ò sì lè gbàgbé ẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi ló kó mi sí i. Àwa méjì péré ni Màámi bí. Àbúrò mi lọ kàwé sí Lyon, ó pàdé ọkùnrin Faransé kan níbẹ̀, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní kóòtù. Fọ́tò la rí. Kò sẹ́ni tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má gbọ́ mi ṣì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti múra láti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ti àkọ́kọ́, ibi iṣẹ́ ò fún un láyè. Ti èkejì, ìyá ẹ̀ ṣubú, ó dá lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ ṣàlàyé ẹsẹ̀ ìyá òyìnbó fún ẹ̀gbọ́n bàbá wa?

Ìbẹ̀fun ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa ń gbé. Òun ni olórí ẹbí látìgbà tí bàbá wa ti kú, Bàbá la sì ń pè é. Kì í pariwo. Ọjọ́ tí mo gbé fọ́tò ìgbéyàwó náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó wo fọ́tò náà títí, ó wá ní:

"Ó dáa. Ẹni tí ò tíì wá mọ̀ wá, àwa náà ò tíì mọ̀ ọ́n. Ọmọ wa lè máa bá a gbé, a ò lè so ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti inú ẹbí yìí lọ jẹun nílé ẹ̀. Ìyá ìyàwó tó bá jẹun àna kí àna tó wá dọ̀bálẹ̀, ó ti fọmọ ẹ̀ tọrẹ nìyẹn. Tí ọkùnrin náà bá wá dé lẹ́yìn ìyẹn, èmi ò ní í jókòó gbà á."

Ó dá fọ́tò náà padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tí mo rò ó fún àbúrò mi lórí fóònù, ó sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó bá ti pẹ́ lókè òkun ò ní í bìkítà mọ́. Irọ́ ni. Ìdána yẹn jẹ ẹ́ lógún ju kóòtù lọ. Ó máa ń sọ pé òun kàn wà nílé ọkùnrin náà ni, kò sẹ́ni tó fa òun lé e lọ́wọ́. Ọkọ ẹ̀ ti ní Oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ dandan, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, òun á wá. Nítorí náà, láàárín ìgbà yẹn sí Oṣù Kejìlá, ohun kan ṣoṣo ni a ní láti ṣe: ká má bí Bàbá nínú.

Ó rọrùn, àbí? Kò rọrùn. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ àbúrò mi lára lọ́dún méjì. Nígbà tí èkejì bàjẹ́, Màámi ò sunkún, ó kàn lọ gbé pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ jáde lábẹ́ ẹní, ó gbé e lé tábìlì níwájú mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó ní àtọ̀gbẹ! Ó ní, "Mo fẹ́ lọ fojú ara mi rí ọmọ mi. Wá bí o ṣe máa ṣe é."

Mo gba Ìbẹ̀fun lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́. Bàbá ní kò burú, kí ìyá lọ wo ọmọ ẹ̀. Mo ní ibo ló máa sùn? Ó ní oorun kì í ṣe oúnjẹ, kó sùn síbẹ̀. Mo ní kí ló wá máa jẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án? Bàbá wò mí bí ẹni pé mo gọ̀. Ó ní, "Ṣé wọn kì í ta oúnjẹ níta níbẹ̀ ni?"

Háà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Oúnjẹ títà kì í ṣe oúnjẹ àna, tí kì í bá ṣe àna ló sanwó ẹ̀. Àbúrò mi ní iṣẹ́ tiẹ̀, òun ni yóò máa sanwó. Láàárọ̀ wọ́n á ra búrẹ́dì níta. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á jókòó síbi tí kì í ṣe tiwa, tí kì í sì í ṣe ti ọkùnrin náà, wọ́n á jọ jẹun, Màámi á lè wo ojú ọkọ ọmọ ẹ̀ dáadáa, òfin Bàbá ò sì ní í bàjẹ́. Mo rò pé mo gbọ́n. Ẹ wò ó, lọ́jọ́ yẹn mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yan ilé oúnjẹ náà o. Tó bá jẹ́ èmi ni mo yàn án, Màámi á ní ọkọ mi ló yàn án, kò ní í fọwọ́ kàn án. Tó bá ti ọwọ́ yín wá, á jẹ ẹ́." A jọ ń gbìmọ̀ láti lọ nígbà yẹn, èmi àti Màámi, mo sì ti ń rí ara mi níbi tí mo ti ń bu ọbẹ̀ fún un.

Níbí, tí mo bá fẹ́ mọ ibi tó dáa láti jẹun, mi ò ní í bi ẹnikẹ́ni. Màá wo iye ọ̀kadà tó wà níwájú ibẹ̀, torí ọlọ́kadà ò ní àkókò tó máa fi jẹ ìjẹkújẹ. Màá wo ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ. Tó bá ń bínú bó ṣe ń bù ú, màá kọjá lọ. Fóònù ò lè fi ọwọ́ ẹnikẹ́ni hàn mí. Abọ́ ló ń fi hàn mí, abọ́ tó fẹ̀ bí ọpọ́n ìwẹ̀, oúnjẹ inú ẹ̀ ò sì tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé, wọ́n á wá fi ewé kan ṣoṣo lé e lórí. Màámi á yọjú léjìká mi, á ní, "Ta ló jẹ èyí tó kù?"

Mo máa ń ka ohun tí àwọn tó ti jẹun níbẹ̀ kọ. Fóònù á túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ẹnì kan á ní kò síbi tó dáa tó ibẹ̀ láyé. Ẹni tó tẹ̀ lé e á ní kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mi ò mọ ìkankan nínú wọn. Ọ̀kan ní ọmọge tó gbé oúnjẹ wá ò rẹ́rìn-ín. Mo fagi lé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí Màámi ò fẹ́ràn ẹni tó bá ń lejú nídìí oúnjẹ. Ọjọ́ kejì ni ọkàn mi gún mi pé bóyá orí ló ń fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ yẹn.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ́tọ̀. Ilé onímàle ni wọ́n bí Màámi sí, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí ṣùgbọ́n kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí, kò sì ní í jẹ ẹ́. Ìlú Lyon yẹn ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀! Orí ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ìfun ẹ̀. Mo tún rí i pé wọ́n ń jẹ ṣàkì, mo pariwo, mo pe Màámi. Inú ẹ̀ dùn, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, èèyàn gidi ni wọ́n. Mo tún rí ẹja kan tí wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun àti ẹyin, tó ń rọ̀ bí ọ̀ọ̀lẹ̀, tí wọ́n ń da ọbẹ̀ lé lórí. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbà mí tó oṣù méjì. Mo yan mẹ́sàn-án, mo bá wọn gba tábìlì mẹ́sàn-án, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo kọ sí gbogbo ẹ̀, torí aago márùn-ún ni Màámi máa ń jẹun alẹ́ kó tó lo oògùn. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí kò lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó ń dáná ní aago márùn-ún níbí o. Tí wọ́n bá ti parí ọ̀sán, ó di aago méje." Ó ní ohun tí mo gbà yẹn, wọ́n á kàn fún wọn ní ọtí tàbí kọfí ni. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Inú mi dùn pé ó rẹ́rìn-ín, mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín ẹ̀ ṣe ń dún.

Físà wá pẹ́. Oṣù Kẹfà tá a fẹ́ lọ kọjá, ó di Oṣù Kẹjọ. Mo bá tún ránṣẹ́ sí àwọn ilé oúnjẹ mi. Ẹ gbọ́ ohun tí márùn-ún nínú wọn sọ: àwọn ti ìsinmi lọ. Gbogbo Oṣù Kẹjọ! Ẹni tó ń ta oúnjẹ, lóṣù tí àlejò pọ̀ nígboro, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó lọ jókòó sétí òkun! Mo bú wọn ní Ìjẹ̀bú, mo tún bú wọn ní Yorùbá gbogboogbò. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wá márùn-ún mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ tí mo parí ẹ̀ ni èsì dé. Wọ́n fún Màámi ní físà. Wọn ò fún èmi. Wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé màá padà sílé. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba! Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Lyon, kí n lọ máa gé ẹlẹ́dẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín níwájú Màámi kí ọkàn ẹ̀ má bàa dàrú, mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ àwọn ibẹ̀ sórí ìwé fún un, lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà: ọjọ́ báyìí, ibi báyìí, ẹ jẹ eléyìí, ẹ má jẹ tọ̀hún. Mo da ìwé náà kọ, mo fi ọ̀kan sínú báàgì mi. Bàbá ní ojú òun ò ríran kà á dáadáa, pé kí n wá kà á fún òun ní Sátidé, kí òun lè mọ bí ìyàwó àbúrò òun ṣe ń jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ òfuurufú já Màámi sílẹ̀. Àbúrò mi tẹ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: "Wọ́n ti dé." Kò sí nǹkan mìíràn. Tábìlì àkọ́kọ́ jẹ́ ti Ọjọ́rú, aago méje ìrọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún, aago mẹ́fà tiwa. Mo jókòó sí pálọ̀ mi, mo gbé fóònù lé itan. Aago mẹ́fà lù. Mo ní wọ́n á ti máa wọlé báyìí. Mo pe àbúrò mi, kò gbé e. Mo ní bóyá wọ́n ń kí ara wọn. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ilé oúnjẹ náà kọ̀wé sí mi, torí orúkọ mi ni mo fi gba tábìlì. Wọ́n ní àwọn dúró dè wá, àwọn ò rí wa, àwọn ti fi àga náà fún ẹlòmíràn.

Mo pè títí fóònù fi gbóná. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ti Màámi ò tiẹ̀ lọ rárá. Ní Ọjọ́bọ̀, ilé oúnjẹ kejì náà tún kọ̀wé: àwọn dúró dè wá, àwọn ò rí wa. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ ẹni tí mo lè pè ní Lyon. Mo mọ orúkọ òpópónà ogún, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń din ṣàkì, mi ò mọ ẹyọ èèyàn kan tí mo lè ní kó bá mi lọ kanlẹ̀kùn.

Àárọ̀ Ẹtì, nọ́ńbà Faransé kan tí mi ò mọ̀ pè mí: fóònù ọkùnrin náà ni. Mo gbé e, Màámi ló sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀.

"Ọmọ mi ò dìde," ló ní. "Oyún mìíràn tún ti bàjẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fi pa mọ́ fún wa kí n lè wá pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn."

Mo kàn ń ní, "Màámi, Màámi."

Ó ní ọkùnrin náà nìkan ló wá gbé òun ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní nígbà tí àwọn délé, àbúrò mi kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè omi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun bu gaàrí tí òun gbé láti ilé, òun rẹ ẹ́. "Gaàrí mi ni," ó ní, "omi ọkùnrin náà ni. Ṣé omi náà wà nínú ẹ̀?" Ó dúró kí n dáhùn. Ẹ gbà mí, ìyá mi ń bi mí bóyá omi wà nínú òfin Bàbá! Mo ní kò sí nínú ẹ̀.

Ó ní ọkùnrin náà ń se ọbẹ̀ adìyẹ lójoojúmọ́, á gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á tún gbé e padà bó ṣe gbé e wá. Àbúrò mi ní, "Màámi ò lè jẹ ẹ́, èmi náà ò jẹ ẹ́." Ọjọ́ méjì. Nígbà tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ètè ẹ̀ ti bó.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Màámi ní. "Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Mo bu ọbẹ̀ náà, mo fi sẹ́nu, mo gbé e mì lójú ẹ̀. Mo ní ó yá, ó ku tìrẹ. Ó jẹ ṣíbí mẹ́rin. Láàárọ̀ yìí ó tún jẹ mẹ́fà." Ó wá ní: "Má sọ fún bàbá yín ní Ìbẹ̀fun. Mo bẹ̀ ẹ́. Àbúrò ẹ ní ohun tó kù fún òun láyé yìí ni kí wọ́n wá tọrọ òun, pé kí n má ba ìyẹn náà jẹ́ fún òun."

Mo ní mi ò ní í sọ ọ́. Inú bí mi sí àbúrò mi tó fi nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́, inú bí mi sí Bàbá, inú wá bí mi sí ara mi jù. Oṣù mélòó ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ lórí ọmọge tí kò rẹ́rìn-ín? Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo fagi lé àwọn tábìlì tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé kí ni ìdí. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Sátidé, mo gba Ìbẹ̀fun lọ. Bàbá wà nínú àga ẹ̀ lóde, ó ti ṣètò àga kejì dè mí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n jókòó, kí n kà á. Mo yọ ìwé jáde. Mo ní Ọjọ́rú, wọ́n lọ síbi kan létí odò, wọ́n jẹ ẹja tí wọ́n gún bí ọ̀ọ̀lẹ̀, wọ́n da ọbẹ̀ olómi pupa lé e lórí. Bàbá ní ṣé ó dùn mọ́ ọn? Mo ní ó ní iyọ̀ ẹ̀ kéré. Mo ní Ọjọ́bọ̀, ṣàkì ni, wọ́n din ín gbẹ, Màámi ní eyín òun ò gbé e. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu itan. Mo ní Ẹtì, àwọn ará Lẹ́bánónì ló se é, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ àti ẹran àgbò. Mo ń sọ bí iná ibẹ̀ ṣe rí, mo ń sọ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Mi ò mọ̀ pé mo lè purọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí, ẹnu mi ò sì dúró.

Bàbá ní, "Àbúrò ẹ ńkọ́? Ṣé òun náà ń bá wọn jẹun?"

Mo ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, sà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ mi, omi ti bo ojú mi, mi ò rí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Bàbá yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó pẹ́ díẹ̀ tó ń wò mí bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀ lásán, mo sì mọ̀ pé ó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹun.

Ó wá fẹ̀yìn ti àga.

"Ó dáa," ló ní. "Ti ìrọ̀lẹ́ òní ńkọ́? Ibo ni wọ́n ń lọ? Kà á fún mi."